Ìka Tó Ń Dá Gbéra Nínú Àgbẹ̀dẹ

Ní ọdún tí ìlú Àtìpó pé ọgbọ̀n ọdún lórí òṣùpá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògúnjìmí jókòó sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé awò ayé bojú, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìbọ̀wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún páìpù afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn odi ìlú ṣe. Kò jáde síta. Kò sẹ́ni tí í jáde síta ní Àtìpó bí kò bá di dandan, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè mí níbẹ̀. Apá irin méjì ló wà níta tí ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ohun tí Ògúnjìmí bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé ni àwọn apá irin náà ń ṣe níta, ohun tí wọ́n bá sì fọwọ́ kàn ló ń rí nínú awò, bí ẹni pé òun gan-an ló dúró ti páìpù.

Ó ti tú ìdérí páìpù, ó ti pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀, ó ku kó dé e padà. Ó fi àtàńpàkò àti ìka méjì mú ìdérí náà, ó ń lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Àfi bí ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì apá irin ṣe dédé gbéra. Ó nà gbọnrangandan, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì padà sílẹ̀. Ògúnjìmí kò na ìka tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka irin ti gbá ìdérí, ìdérí ti bọ́, afẹ́fẹ́ ìlú sì ti ń tú jáde sínú òkùnkùn bí èéfín funfun.

Kí wọ́n tó rí páìpù náà dí, wọ́n ti kó àwọn ará ilé mẹ́rìndínlógún lọ sí yàrá ààbò tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Aboyún kan wà láàárín wọn tí oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, ibẹ̀ ló bímọ sí nítorí ìpayà. Ọmọ náà yè, ìyá rẹ̀ náà yè. Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n yẹ apá irin wò, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n yẹ ìbọ̀wọ́ wò, ó pé. Wọ́n yẹ ọwọ́ Ògúnjìmí fúnra rẹ̀ wò, dókítà ní ọwọ́ náà le ju tòun lọ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lábẹ́lẹ̀ pé oorun ló gbé e lọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kó kọ̀wé sí Pátákó Ẹ̀sùn. Ojúlé kan ni Pátákó Ẹ̀sùn lórí ẹ̀rọ, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá rí àbùkù nínú Àgbẹ̀dẹ, irinṣẹ́ orí ẹ̀rọ tó ń darí àwọn apá irin náà, ti lè kọ ọ́ kí gbogbo ayé rí i. Ìwé rẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Àgbẹ̀dẹ, mo kí yín. Ìka kan gbéra nínú iṣẹ́ mi, èmi kọ́ ni mo gbé e. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo mọ ìka mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹni tó ni ìka náà."

Ṣakí ni wọ́n ti ṣe Àgbẹ̀dẹ, nínú ilé alájà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí òkè. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọláníhún ni olórí àwọn tó ṣe é. Àgbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ayé inú awò. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ayé inú awò ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìwé, oko, tàbí ibi iṣẹ́ kan sínú awò kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí bí oòrùn ṣe ń ràn, bí òkúta ṣe ń já bọ́, tàbí bí ohùn ẹni tó wà nítòsí ṣe yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo ìyẹn ti wà nínú Àgbẹ̀dẹ. Yóò kàn mú èyí tó bá fẹ́, yóò sì tò ó bó ṣe wù ú.

Ṣáájú ìgbà náà, ilé iṣẹ́ ńláńlá mẹ́ta péré ló ní irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi wọ́n háyà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú wo inú wọn. Bí nǹkan bá bà jẹ́, àwọn nìkan ló lè tún un ṣe, nígbà tó bá sì wù wọ́n. Ọláníhún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́kànlá wá pinnu pé àwọn yóò ṣe tàwọn, àwọn kò sì ní ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó mú un. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kó ka gbogbo ọ̀rọ̀ àṣẹ tó wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá rí ibi tó wọ́ kó tọ́ ọ, kó sì fi èyí tó tọ́ ránṣẹ́ padà sí gbogbo èèyàn.

Ọwọ́ ló fún wọn ní wàhálà jù. Ojú ibi mẹ́fà péré ni ìbọ̀wọ́ ti ń mọ ohun tí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ń ṣe, bẹ́ẹ̀ oríkèé tó wà ní ọwọ́ kan ju ogún lọ. Èyí tí ìbọ̀wọ́ kò bá mọ̀, Àgbẹ̀dẹ ní láti fi òye gbé e, kí ọwọ́ inú awò má baà dà bí ọwọ́ ère. Kó tó lè fi òye gbé e, ó gbọ́dọ̀ ti wo ọwọ́ èèyàn gidi fún ọjọ́ pípẹ́. Ọwọ́ tí wọ́n ń wá yìí ni wọ́n ń pè ní ọwọ́ àwòṣe. Wọ́n gbìyànjú ọwọ́ télọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣe ju kó di aṣọ mú lọ. Wọ́n gbìyànjú ọwọ́ ẹni tó ń tẹ dùrù, ìyẹn ń tẹ nǹkan, kì í lọ́ ọ. Ọ̀ràn náà sú wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ọláníhún jókòó sílẹ̀ níwájú Ìyá Àyọ̀ká, onídìrí rẹ̀, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Bó ṣe ń tòògbé lọ ló fura pé ìka mẹ́wàá ló wà lórí òun, pé kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń sinmi. Ọ̀kan ń la irun, ọ̀kan ń dì í mú, méjì ń fà á, ọ̀kan ń tẹ ìyókù mọ́lẹ̀ kó má baà tú. Oorun dá lójú rẹ̀. Ó ní kí Ìyá dúró ná, ó yíjú padà, ó sì di ọwọ́ obìnrin náà méjèèjì mú, ó ń wò wọ́n.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni Ìyá Àyọ̀ká nígbà náà. Opó ni, ilé baba rẹ̀ ló ń gbé, iwájú ilé náà ló sì ti ń dirun. Nígbà tí Ọláníhún ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fún un, ó gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò gbà. Bàbá Àjàgbé ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, olórí ẹbí wọn ni, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó pe Ọláníhún sí pálọ̀, ó fi ara balẹ̀ gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀, ó béèrè nípa ìbọ̀wọ́, ó béèrè nípa awò, ó sì lóye wọn dáadáa. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an.

"Bí ẹ bá fún gbogbo ayé tán, tí ọ̀rọ̀ wá yíwọ́, ṣé ẹ lè gbà á padà?"

"Rárá, Bàbá," Ọláníhún dáhùn. "Ẹni tó bá ti mú un ti mú un nìyẹn. Bí a bá ṣì lè gbà á padà, a ò tíì fún wọn."

"Ẹ lọ fi ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe é nígbà náà."

Ìyá Àyọ̀ká, tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà látìgbà yẹn, ló dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni. Orí àwọn èèyàn ni mo ti ń gbé e kà láti ọmọdé. Ọjọ́ wo ni mo fi í pa mọ́ rí?"

Bàbá Àjàgbé dìde. Ó wọ yàrá lọ.

Ogójì ọjọ́ ni Ìyá Àyọ̀ká fi dirun nínú ilé alájà yẹn. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n wọ̀ fún un kì í ṣe irú tọjà tí ń mọ ojú ibi mẹ́fà. Ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, kò sì sí oríkèé tí kì í mọ̀. Ó fi pàtẹ́wọ́ àti kòlẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀, ó dé orí ṣùkú, ó sì wá parí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn irun kan tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí Àgbẹ̀dẹ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ó jókòó ti Ọláníhún. Láàárín ọdún méjì, ogún ọ̀kẹ́ èèyàn ti mú un lọ. Olùkọ́ ń fi í kọ́ni, àwọn tí ọwọ́ wọn ti gé ń fi í dáná, dókítà abẹ ń fi í kọ́ iṣẹ́. Àwọn ará Àtìpó fi í darí apá irin wọn. Ọwọ́ Ìyá Àyọ̀ká ni gbogbo wọn wọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ọwọ́ ẹnì kan pàtó ni.

Ọdún kẹta ni ìwé Ògúnjìmí dé. Olúgbadé, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó Pátákó Ẹ̀sùn, ti fẹ́ dá a lóhùn pé kó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, kó sì pa ẹ̀sùn náà dé, kó tó di pé Ọláníhún kà á. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ìwé náà ló mú un dúró. Kò tíì rí ẹni tó ní kí wọ́n bá òun wá ẹni tó ni àbùkù. Ó bi Olúgbadé bóyá ẹlòmíràn ti kọ irú rẹ̀ rí. Olúgbadé wo àwọn ẹ̀sùn tí wọ́n ti pa dé. Olùkọ́ dùrù kan ní Bàhíà ti kọ ọ́. Ayàwòrán kan ní Kùtọ́nù ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ẹ̀sùn mọ́kànlélógójì ni, gbogbo wọn ni wọ́n sì ti dá lóhùn pé kí wọ́n pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. Ìlú wọn yàtọ̀ síra, ìbọ̀wọ́ wọn yàtọ̀ síra. Ìka kan náà ni: èyí tó kéré jù lọ́wọ́ òsì.

Ọláníhún wọ ìbọ̀wọ́, ó bojú, ó jókòó sínú ayé kékeré kan tí kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ ju tábìlì lọ. Ó na ọwọ́ sílẹ̀ fún wákàtí kan, ìka kò gbéra. Ó bó ọsàn, ó kọ̀wé, ó so okùn bàtà, ó ka owó ẹyọ, síbẹ̀ ìka kò gbéra. Lọ́jọ́ kejì ó tún ṣe é títí ọrùn fi ń dùn ún, pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ kẹta ni ìdérí páìpù wá sí i lọ́kàn. Ó gbé ìgò kan sórí tábìlì inú awò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé e, ó ń ṣí i, ó tún ń dé e. Ó ti ṣe é tó igba ìgbà ó lé díẹ̀, ó ku díẹ̀ kó dìde, kó tó rí i. Ìka tirẹ̀ sùn jẹ́ẹ́ sínú ìbọ̀wọ́. Èyí tó wà nínú awò gbórí bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó sì tún padà sílẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn bí inú ọdẹ tó gbúròó ẹran. Ó tún un ṣe. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún, ó yẹ̀ ẹ́ wò lósì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti mọ̀ pé ìgbà tí àtàńpàkò àti ìka méjì òsì bá fún nǹkan mọ́ra tí wọ́n sì ń lọ́ ọ nìkan ni ìka kékeré ń gbéra. Bí onídìrí ṣe ń pín irun sí mẹ́ta tó sì ń fà á nìyẹn gẹ́lẹ́. Ohun tí Àgbẹ̀dẹ rí lọ́wọ́ Ìyá Àyọ̀ká ló ń ṣe.

Ó wá lọ ṣí àkọsílẹ̀ ogójì ọjọ́ náà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ó wò ó ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kọkànlá, kò sí i. Lọ́jọ́ kejìlá ó wáyé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ ogún, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lọ́jọ́ ogójì, ìgbà mọ́kàndínlógún ni ìka náà gbéra kí orí kan tó parí. Ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ ọjọ́ kejìlá ni ó ti rí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan kọ síbẹ̀. Ìbéèrè Olúgbadé ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ó ń béèrè bóyá kí òun pa ìgbéra ìka yìí rẹ́ nítorí kò jọ ti ìyókù. Ìdáhùn wà lábẹ́ rẹ̀: "Má pa á rẹ́. Ẹwà ọwọ́ wọn nìyẹn." Ọláníhún ló kọ ìdáhùn náà. Ó rántí ọjọ́ náà wàyí. Ó rántí pé òun rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí òun ń kọ ọ́.

Ó gbé àkọsílẹ̀ náà tọ Dókítà Láwuyì lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Láwuyì jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ka ìwé ní kíláàsì kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ìtọ́jú iṣan ara. Láwuyì wo ọjọ́ kejìlá, ó wo ọjọ́ ogójì, ó tún padà sí ọjọ́ kejìlá. Ó bọ́ awò kúrò lójú.

"Ẹni tó ni ọwọ́ yìí, ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà. Ṣakí níbí ni wọ́n wà."

"Lọ mú wọn wá lónìí. Má dúró dọ̀la."

Láwuyì ṣàlàyé fún un pé àìsàn kan wà tó máa ń jẹ àwọn iṣan tó ń rán ìka níṣẹ́, díẹ̀díẹ̀, láti orí ìka tó kéré jù. Kì í dunni, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní in kì í fi í tètè mọ̀. Oògùn ti wà fún un báyìí. Bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún kan, ọwọ́ náà yóò padà bọ̀ sípò bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ohun tí oògùn lè ṣe kò ju kó dá àìsàn dúró síbi tó dé lọ, kó má baà dé ibi tí èèyàn fi ń mí. Ọláníhún ka ọdún náà nínú ara rẹ̀. Kò ní láti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Kó tó kúrò níbẹ̀, ó kọ̀wé sí Pátákó Ẹ̀sùn: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ inú Àgbẹ̀dẹ ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀mí èèyàn so mọ́ títí àwọn yóò fi tún sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì béèrè ìdí, nítorí ẹnì kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kí wákàtí kan tó pé, ẹgbẹ̀rún èèyàn ti béèrè ìdí.

Ó ti lé ní ọdún méjì tí Ọláníhún ti dé ilé Ìyá Àyọ̀ká gbẹ̀yìn. Ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè jókòó. Nígbà tó débẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló ń dirun níwájú ilé. Ìyá Àyọ̀ká jókòó sórí àga, ó ń wò wọ́n, ó ń sọ ibi tí wọ́n yóò là. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ìró. Bàbá Àjàgbé wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka ìwé.

Ọláníhún kúnlẹ̀ kí wọn, kò sì dìde. Ó ní kí Ìyá jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ kí òun rí ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́, ó sì rán wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ló yọ ọwọ́ jáde. Ìka òsì ti ká wọ inú bí ewé tí oòrùn pa. Ọ̀tún ṣì ń nà, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n.

Bàbá Àjàgbé gbé ìwé sílẹ̀. Òun náà kò rí i rí. Nínú ilé kan náà, àbúrò rẹ̀ ti fi í pa mọ́ fún un fún ọdún méjì.

Nígbà tí Ọláníhún bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, Ìyá Àyọ̀ká rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n dá Ọláníhún lẹ́bi. "Àwọn èèyàn tó mú ọwọ́ mi lọ pọ̀ jù. Mo rò pé wọ́n ti pín in tán ni."

Ọláníhún rọra di ọwọ́ tó ká náà mú. Ó wá sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́, pé kò sẹ́ni tó pín nǹkan kan lára rẹ̀. Àìsàn ni, ó sì ti wà níbẹ̀ kí Àgbẹ̀dẹ tó dé ọjà. Ó sọ ohun tí Láwuyì sọ. Ó sọ fún wọn nípa Ògúnjìmí àti páìpù, nípa ìgò, nípa bó ṣe wo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bàbá Àjàgbé gbọ́ gbogbo rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní, láìjálu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo kọ́kọ́ rí ìka yẹn?" ó béèrè.

Bí Ọláníhún bá ní àná, kò sẹ́ni nínú wọn tí yóò ṣí àkọsílẹ̀ wò. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ọjọ́ kejìlá, Bàbá. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n bi mí, mo ní ẹwà ni. Mi ò bi Ìyá."

Ọláníhún ń retí èébú, ì bá sì wù ú kó bú òun. Bàbá náà dìde, ó wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó di àbúrò rẹ̀ lápá mú, ó sì ní kí Ọláníhún máa ṣáájú kó fi ọ̀nà ilé ìwòsàn náà hàn wọ́n.

Oògùn dá àìsàn náà dúró. Láàárín oṣù kan Láwuyì fi dá wọn lójú pé kò ní kọjá ọrùn ọwọ́, pé Ìyá Àyọ̀ká yóò rí ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ṣùgbọ́n ìka òsì kò nà mọ́. Ọ̀tún lè mú ife, kò lè mú fọ́nrán irun.

Lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fẹ́ yọ ìgbéra ìka náà kúrò kí wọ́n sì fi ìyókù ọwọ́ sílẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Bí wọ́n ṣe ń tú u wò ni wọ́n ń rí i pé láti ọjọ́ kejìlá lọ, àwọn ìka tó kù ti ń bo èyí tó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìka òrùka ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti ìka kékeré. Ọwọ́ ọ̀tún ń yára dé ibi tó yẹ kí òsì dé. Gbogbo ọwọ́ méjèèjì ti ń kọ́ bí wọn yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ láìjẹ́ kí ẹni tó ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, ìyókù yóò dàrú. Olúgbadé dábàá pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi í dirun tàbí ṣeré, kí wọ́n kàn fòfin de iṣẹ́ tó léwu. Ọláníhún ní Ìyá ni yóò sọ ohun tó fẹ́.

Wọ́n gbé awò wá sílé fún un. Ọláníhún ló bá a wọ ìbọ̀wọ́, ó ń tẹ́ ìka tó ká náà jẹ́jẹ́ kó lè wọlé. Nínú awò, ọmọbìnrin kan jókòó, irun rẹ̀ tú sílẹ̀. Ìbọ̀wọ́ mọ ìwọ̀nba tí ọwọ́ Ìyá Àyọ̀ká ṣì lè ṣe, Àgbẹ̀dẹ sì fi ọwọ́ rẹ̀ àtijọ́ parí èyí tó kù. Ó di ṣùkú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó dúró níbẹ̀ rí i tó ń mi orí, tó ń kùn lábẹ́ ètè bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó parí, ó ní kí wọ́n bọ́ awò àti ìbọ̀wọ́ náà.

Ó ní òun dúpẹ́, òun rí i, ó sì ti tó. "Ọwọ́ yẹn ń bo àìsàn mọ́lẹ̀," ó ní. "Mi ò fẹ́ kó máa kọ́ ọmọ ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ẹ yọ ọ́."

Ohun tí wọ́n fi dípò rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́, lẹ́yìn tí Láwuyì yẹ ọwọ́ wọn wò. Àwọn mìíràn fi tiwọn ránṣẹ́ láti ìlú wọn. Ògúnjìmí fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti orí òṣùpá, ó sì fi ìkíni kan kún un, pé kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá, pé òun kò mọ̀ pé ọwọ́ àgbà ni òun fi ń tún páìpù ṣe látọjọ́ yìí. Gbogbo rẹ̀ gba oṣù márùn-ún. Irun tí ìyá Ìyá Àyọ̀ká kọ́ ọ, tí kò lórúkọ, kò sí nínú ọwọ́ tuntun náà, nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ kò tíì kọ́ ọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kọ iṣẹ́. Ó ṣì wà nínú ẹ̀dà àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti mú un lọ, òun àti ìka tí ń gbéra.

Nígbà tí ó di pé kí wọ́n ṣí ẹ̀dà tuntun sílẹ̀, wọ́n ní láti kọ ohun tó yí padà sójú ìwé àkọ́kọ́. Olúgbadé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tún àbùkù kan ṣe nínú ọwọ́. Ọláníhún pa á rẹ́. Pẹ̀lú àṣẹ Ìyá Àyọ̀ká àti ti Bàbá Àjàgbé, ó kọ orúkọ ẹni tó ni ọwọ́ náà, ó kọ pé àìsàn ni, kì í ṣe àbùkù, pé ẹ̀rọ rí i lọ́jọ́ kejìlá. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì kọ pé òun rí i, òun kò sì béèrè. Ó ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀dà tuntun náà sì lọ sọ́dọ̀ gbogbo ayé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó rìn lọ sílé Ìyá Àyọ̀ká. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ síbi ìsìnkú kan, òun nìkan ló wà níwájú ilé, irun funfun rẹ̀ tú sílẹ̀, òòyà wà lórí itan rẹ̀. Ó ti ń dúró dè wọ́n láti àárọ̀. Ó bi Ọláníhún bóyá ó mọ irun dì.

Ọláníhún ní òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìyá Àyọ̀ká sọ̀kalẹ̀ látorí àga, ó jókòó sílẹ̀, ó ní kó bọ́ sẹ́yìn òun. Ó sọ ibi tí yóò ti là á fún un, láti iwájú orí lọ sí ìpàkọ́. Ọláníhún là á. Ó sọ bí yóò ṣe pín in sí mẹ́ta, èyí tí yóò fà àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí ìlà kan tó parí, ó sì wọ́ bí ọ̀nà oko. Ìyá Àyọ̀ká gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ń gbọ̀n sókè, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà tọ ìlà yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúró níbi tó ti yà.

"Tú u láti ibí," ó ní.

Ọláníhún tú u, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀.